Ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là ń dère: Ìtàn ère ìrántí ogun kan ní ìlú Boston

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là ń dère." Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé nígbà tí ènìyàn bá wà láàyè, àbùkù rẹ̀ ni aráyé máa ń rí. Ọjọ́ tó bá kú tán ni wọ́n tó ń yìn ín, tí wọ́n tó ń gbẹ́ ère rẹ̀. Òwe yìí kì í ṣe àròsọ lásán. Ní Ọ̀wọ̀, nígbà àtijọ́, wọ́n máa ń gbẹ́ ère ẹni ńlá tó ti kú, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ iyebíye, wọ́n á sì gbé e kiri ìlú. Àkó ni wọ́n ń pe ayẹyẹ náà.

Ṣùgbọ́n òwe yìí fi ìbéèrè méjì sílẹ̀ fún wa. Èkíní: bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá jọ kú sójú ogun kan náà, ta ni a ó gbẹ́ ère rẹ̀, ta ni a ó sì dárúkọ? Èkejì: lẹ́yìn tí a bá ti gbé ère kalẹ̀ tán, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ìtàn ère idẹ kan tó wà ní ìlú Boston, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ni a fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè méjèèjì. Àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ja Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ère náà rántí. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1897, wọ́n tú u palẹ̀ láti tún un ṣe ní ọdún 2020, wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ lákọ̀tun ní ọdún 2022.

Ta ni àwọn sójà náà?

Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1861, ó sì parí ní ọdún 1865. Àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tí wọ́n ń lo ẹrú lóko wọn fẹ́ ya kúrò lára orílẹ̀-èdè náà. Àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá sì kọ̀, wọ́n ní orílẹ̀-èdè kan ni àwọn yóò jẹ́. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ìjọba Àríwá kò gba aláwọ̀ dúdú sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun ló ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè jagun, pé bí ìbọn bá dún, wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1863, Ààrẹ Abraham Lincoln kéde òmìnira fún àwọn ẹrú tó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba jà. Ìkéde yẹn ló tún ṣí ọ̀nà fún aláwọ̀ dúdú láti di sójà. Gómìnà Massachusetts, John Andrew, kò fi àkókò ṣòfò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú jọ. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kẹrìnléláàádọ́ta ti Massachusetts ni orúkọ rẹ̀. Nínú àyọkà yìí, a ó máa pè é ní Ẹgbẹ́ 54.

Kì í ṣe Massachusetts nìkan ni àwọn ọmọ ogun náà ti wá. Àgbẹ̀ wà nínú wọn, atukọ̀ wà nínú wọn, onígbàjámọ̀ wà nínú wọn. Àwọn kan jẹ́ ọmọ olómìnira láti ìbí, àwọn kan ti ṣe ẹrú rí. Frederick Douglass, gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó sá kúrò lóko ẹrú, ló ń rọ àwọn ọ̀dọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Kò rán ọmọ ọlọ́mọ nìkan o. Lewis àti Charles, méjì nínú àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé.

Àwọn tó wá pọ̀ débi pé Ẹgbẹ́ 54 kún. Wọ́n ní láti dá òmíràn sílẹ̀, ìyẹn Ẹgbẹ́ 55. Inú Ẹgbẹ́ 55 yìí ni Nicholas Said wà. Ọmọ Bornu ni, ní apá àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Wọ́n jí i gbé tà lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, ó gba Líbíà dé Tọ́kì àti Rọ́ṣíà kó tó di olómìnira, kó sì tó dé Amẹ́ríkà. Ó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ jáde ní ọdún 1873. Ẹ ò rí i pé ogun tí à ń sọ yìí kò jìnnà sí wa tó bí a ti rò.

Àwọn ọ̀gá tí wọ́n fi ṣe olórí Ẹgbẹ́ 54 jẹ́ aláwọ̀ funfun. Olórí pátápátá ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Robert Gould Shaw, ọmọ ọdún 25, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ olówó tó kórìíra òwò ẹrú. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1863, ó lé ní 1,000 sójà tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba àárín ìlú Boston kọjá. Wọ́n kọjá níwájú ilé ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n sì lọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gúúsù. Ẹ fi ojú ọ̀nà yẹn sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Ikú yá ju ẹ̀sín

Kí wọ́n tó dé ojú ogun ni àwọn ará Gúúsù ti kìlọ̀ pé bí ọwọ́ àwọn bá tẹ sójà aláwọ̀ dúdú, àwọn kò ní ṣe é bí ẹlẹ́wọ̀n ogun. Wọ́n lè tà á lẹ́rú, wọ́n lè pa á. Àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ 54 mọ èyí, síbẹ̀ wọ́n lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1863, wọ́n rán wọn láti ṣíwájú àwọn yòókù kọlu odi kan tí wọ́n ń pè ní Wagner, ní etíkun tó súnmọ́ ìlú Charleston ní South Carolina. Iyanrìn ni wọ́n fi mọ odi náà, yàrà wà níwájú rẹ̀. Òkun wà ní apá kan, ẹrọ̀fọ̀ wà ní apá kejì, ọ̀nà tóóró ni wọ́n gbà. Nǹkan bí 600 ọmọ Ẹgbẹ́ 54 ló sáré lọ síwájú ìbọn àti àgbá. Àwọn kan gun odi náà dé òkè. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Shaw kú síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó lé ní 250 nínú wọn tó ti kú, tó fara gbọgbẹ́, tàbí tí a kò rí mọ́. Wọn kò gba odi náà lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni tó gbé àsíá ṣubú nínú ìjà náà. Sájẹ́ńtì William Carney, ẹni tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Virginia, gba àsíá náà. Ìbọn bà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ó rá kòrò títí ó fi gbé àsíá náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé àsíá náà kò kan ilẹ̀ rárá. Ọdún 1900, ìyẹn ọdún 37 lẹ́yìn ogun náà, ni ìjọba tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ akọni tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà.

Àwọn ará Gúúsù da òkú Shaw pọ̀ mọ́ ti àwọn sójà rẹ̀ nínú kòtò kan. Wọ́n rò pé ìwọ̀sí ni èyí jẹ́ fún un. Nígbà tí àwọn ènìyàn fẹ́ lọ gbé òkú náà wálé, bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní kò sí ibi mímọ́ tó ju ibẹ̀ lọ fún ọmọ òun, láàárín àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

Ìjà mìíràn tún wà tí wọn kò fi ìbọn jà. Dọ́là 13 ni sójà aláwọ̀ funfun ń gbà lóṣù. Ìlérí kan náà ni wọ́n ṣe fún Ẹgbẹ́ 54 nígbà tí wọ́n wọṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò owó tó, ìjọba ní dọ́là 10 ni àwọn yóò san, àwọn yóò sì yọ dọ́là 3 owó aṣọ kúrò nínú rẹ̀. Ó wá ku dọ́là 7. Àwọn sójà náà kọ̀ ọ́. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní òun yóò fi èyí tó kù kún un, wọ́n tún kọ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni. Fún nǹkan bí oṣù 18, wọ́n ń jagun láì gba kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ebi ń pa ìyàwó àti ọmọ wọn nílé. Oṣù Kẹfà ọdún 1864 ni àwọn aṣòfin tó ṣe òfin pé kí owó wọn dọ́gba. "Ikú yá ju ẹ̀sín," ni Yorùbá máa ń wí. Àwọn ènìyàn yìí mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ogun fi máa parí, nǹkan bí 180,000 aláwọ̀ dúdú ló ti jà fún Àríwá. Kò sí ẹni tó tún lè sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè jagun.

Igi kan kì í dá igbó ṣe

Aláwọ̀ dúdú kan ni ọ̀rọ̀ ère yìí kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Joshua Smith ni orúkọ rẹ̀, oníṣòwò oúnjẹ ní Boston ni, ó sì ti bá ìdílé Shaw ṣiṣẹ́ rí. Ní ọdún 1865, ó ní ó yẹ kí ìlú gbé ère kalẹ̀ láti rántí Shaw. Ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ọdún 1884 ni wọ́n tó gbé iṣẹ́ náà fún Augustus Saint-Gaudens, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Dublin ní Ireland tó sì dàgbà ní New York.

Ohun tó kọ́kọ́ wà lọ́kàn Saint-Gaudens ni ère Shaw nìkan lórí ẹṣin. Àwọn ẹbí Shaw kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn ọ̀gágun ńláńlá ni irú ère bẹ́ẹ̀ wà fún, pé kò yẹ kí ọmọ àwọn dá wà níbẹ̀ láìsí àwọn sójà rẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Báyìí ni agbẹ́gilére náà ṣe yí ọwọ́ padà. Ó fi Shaw sórí ẹṣin ní àárín, ó sì fi àwọn sójà aláwọ̀ dúdú yí i ká, wọ́n gbé ìbọn léjìká, wọ́n ń rìn lọ, àwọn onílù wà níwájú wọn. Obìnrin kan bí áńgẹ́lì ń fò lókè orí wọn.

Wọ́n rò pé ọdún 2 ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Nǹkan bí ọdún 14 ló gbà. Kí ló fà á? Saint-Gaudens kò fẹ́ fi ojú kan náà fún gbogbo sójà, bí ìgbà tí wọ́n fi àdánwò kan tẹ búrẹ́dì. Ó bẹ àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú lọ́wẹ̀, ó sanwó fún wọn kí wọ́n wá jókòó níwájú òun, ó sì mọ orí nǹkan bí 40 kó tó yan àwọn tó lò. Nítorí náà, bí ẹ bá wo ère náà, ẹ ó rí àgbàlagbà onírùngbọ̀n, ẹ ó rí ọ̀dọ́langba tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀. Olúkúlùkù ló ní ojú tirẹ̀. Ní ayé ìgbà yẹn, ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ kí oníṣẹ́ ọnà Amẹ́ríkà ya aláwọ̀ dúdú bí ènìyàn tó níyì báyìí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Wọ́n ṣí ère náà ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1897. Ojú ọ̀nà tí Ẹgbẹ́ 54 gbà kọjá ní ọdún 1863 ni wọ́n gbé e sí, ó kọjú sí ilé ìjọba ìpínlẹ̀ gan-an. Àwọn sójà àtijọ́ tó ṣì wà láàyè tún tò kọjá níbẹ̀, wọ́n ti darúgbó. William Carney wà níbẹ̀. Booker T. Washington, olùkọ́ ńlá tí wọ́n bí sóko ẹrú, bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Bó pẹ́, bó yá, akólòlò yóò pe baba

Gbogbo rẹ̀ dára títí dé ibi tí a dé yìí. Ṣùgbọ́n ohun kan kù. Nígbà tí wọ́n ṣí ìrántí náà ní ọdún 1897, wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn ọ̀gá aláwọ̀ funfun tó kú sí ẹ̀yìn òkúta rẹ̀. Wọn kò kọ orúkọ sójà aláwọ̀ dúdú kankan. Ojú wọn wà níwájú, orúkọ wọn kò sí lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí orúkọ jẹ́ fún wa. Ọjọ́ kẹjọ ni à ń sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá ń ki ènìyàn, orúkọ rẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀, ká tó kan oríkì àti orílẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí a kò bá lè dárúkọ, a kò lè kì í. Ojú lásán, láìsí orúkọ, ó lè jẹ́ ojú ẹnikẹ́ni.

Ọdún 85 ni ìrántí náà fi wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n pinnu láti ṣe àtúnṣe sí èyí pẹ̀lú. Ní ọdún 1982, wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tí a mọ̀ pé wọ́n kú ní Wagner sára òkúta náà. Bó pẹ́, bó yá, akólòlò yóò pe baba. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ohun tó bàjẹ́ nìkan ni àtúnṣe máa ń tún ṣe. Ó lè tún ohun tí a kò ṣe dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣe.

Kí ló ń ba idẹ jẹ́?

Idẹ tí wọ́n fi ṣe irú ère báyìí jẹ́ bàbà tí a yọ́ pọ̀ mọ́ tánganran. Ó lágbára, kì í tètè fọ́, kì í dípẹtà bí irin. Àwọn baba wa ní Ilé-Ifẹ̀ mọ iṣẹ́ idẹ tipẹ́tipẹ́. Ìda ni wọ́n fi ń mọ àwòrán, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á fi iná yọ́ ìda náà dànù, wọ́n á sì da idẹ tó ti yọ́ sí ààyè rẹ̀. Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde nínú ilẹ̀. Ó ti tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀, síbẹ̀ ẹwà wọn kò ṣí.

Ṣùgbọ́n bí idẹ ti lágbára tó, bí a bá gbé e síta gbangba tí a kò tọ́jú rẹ̀, yóò bàjẹ́. Òjò ń rọ̀ sí i, ìrì ń sẹ̀ sí i, èéfín ilé iṣẹ́ àti ti mọ́tò ń dà pọ̀ mọ́ omi òjò, ó sì ń jẹ bàbà inú rẹ̀. Ẹ ó rí i pé àwọ̀ rẹ̀ á di bí ewé, ilà funfun àti dúdú á máa ṣàn wálẹ̀ lójú ère náà bí ẹni ń sunkún. Bí ó bá pẹ́, ojú àti imú tí agbẹ́gilére fi sùúrù mọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́. Ní ti ère Boston, ọwọ́ ènìyàn tún wà níbẹ̀: ìgbà tí wọ́n ti ṣẹ́ idà ọwọ́ Shaw ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìdáàbòbò tó wọ́pọ̀ fún ère idẹ ni ìda, ohun kan náà tí àwọn baba wa fi ń mọ ère wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ ère náà mọ́ tónítóní, wọ́n á fi iná díẹ̀ yá a kó lè gba ìda, wọ́n á fi ìda pa á lára, wọ́n á sì nù ún títí yóò fi dán. Ìda yìí ni kì í jẹ́ kí omi kan idẹ. Kì í pẹ́ tó fi ń ṣí, nítorí náà wọ́n ní láti máa fi òmíràn pa á láti ìgbà dé ìgbà. Bí ẹni ń fi òrí pa ara ni: ẹni tó fi pa ara lánàá ṣì ní láti fi pa á lónìí.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i

Nígbà tí ère náà ti lé ní 110 ọdún, àwọn onímọ̀ rí i pé wàhálà rẹ̀ ti ju ti ojú idẹ lọ. Omi ti ń wọ inú ògiri bíríkì tó gbé e dúró. Ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé bí ilẹ̀ bá mì tìtì, ó lè wó. Bí ìdí igi bá ti rà, kí la fẹ́ fi ewé ṣe?

Ìjọba ìlú Boston, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú ọgbà àti ibi ìtàn, ẹgbẹ́ àwọn aráàlú tó ń tọ́jú ọgbà ìlú náà, àti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Boston da ọwọ́ pọ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù dọ́là 3 ni iṣẹ́ náà ná wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020.

Iṣẹ́ ò tíì lọ jìnnà tí ọ̀rọ̀ mìíràn fi ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ọlọ́pàá kan pa George Floyd, aláwọ̀ dúdú, ní ìlú Minneapolis. Ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Ní alẹ́ ọjọ́ 31, nígbà tí ìwọ́de wáyé ní Boston, wọ́n fi ọ̀dà kọ ìkọkúkọ sí ẹ̀yìn ìrántí náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ló pé ọdún 123 tí wọ́n ti ṣí i. Ẹ wo bí ayé ti rí! Ìrántí àwọn aláwọ̀ dúdú tó kú nítorí òmìnira ni ọ̀dà ta sí lára, ní alẹ́ tí ìlú ń pariwo nítorí ẹ̀mí aláwọ̀ dúdú. Bí a kò bá sọ ìtàn ère fún àwọn tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òkúta àti idẹ lásán ló jẹ́ lójú wọn.

Wọ́n nu ọ̀dà náà, iṣẹ́ sì ń bá a lọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbé idẹ ńlá náà kúrò níbi tó wà, wọ́n gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ nípa ère ní ìlú Woburn tó wà nítòsí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì tún un ṣe. Níbi tó ti kúrò, wọ́n tú ògiri bíríkì tó ti rà, wọ́n sì fi kọnkéré tó lágbára rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, wọ́n gbé idẹ náà padà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, wọ́n tún ń pe àwọn ènìyàn jọ láti sọ̀rọ̀ nípa ìtàn náà. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ohùn àwọn ènìyàn kò ṣọ̀kan lórí ère náà. Àwọn kan ń yìn ín. Àwọn kan ń bèèrè pé kí ló dé tí aláwọ̀ funfun fi wà lórí ẹṣin, tí aláwọ̀ dúdú ń fẹsẹ̀ rìn lábẹ́ rẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ ká bèèrè ni. Ère kì í sọ̀rọ̀, àwa ni a ní láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Kí ni ìyàsọ́tọ̀ lákọ̀tun?

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n ṣe ayẹyẹ, wọ́n sì ya ìrántí náà sọ́tọ̀ lákọ̀tun. Ẹnìkan lè bèèrè pé: "Ṣebí wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 1897? Kí ni ìdí tí wọ́n tún fi ń yà á sọ́tọ̀?"

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Àwọn tó yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 1897 ti kú tán. Ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ pé àwọn kò ní gbàgbé ti bá wọn lọ sí sàréè. Bí àwọn tó wà láàyè kò bá fi ẹnu ara wọn jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà, ère kàn wà níbẹ̀ ni, kò ní olówó orí. Iṣẹ́ bíríkì àti ìda ni àtúnṣe, iṣẹ́ ọkàn ni ìyàsọ́tọ̀. Ẹni tó tún ère ṣe tí kò sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè méjì tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ta ni a ó dárúkọ? Gbogbo ẹni tó kú ni, bó ti wù kó pẹ́ tó ká tó ráyè kọ orúkọ wọn. Ta ni yóò máa tọ́jú ère? Àwọn tó bá wà láàyè ni, ìran dé ìran. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.

Ẹ̀kọ́ fún àwa náà nílé

Ní Nàìjíríà, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdọọdún ni à ń rántí àwọn ọmọ ogun wa tó ti kú. Ọjọ́ yẹn ni Ogun Abẹ́lé tiwa parí ní ọdún 1970. Wọ́n á gbé òdòdó sí ibi ìrántí, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Àwọn àgbà Èkó náà kò ní gbàgbé ère sójà tó dúró ní Ìdúmọ̀tà nígbà kan kí wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀. Ṣé àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n? Ṣé wọ́n mọ ogun tí wọ́n fi rántí?

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti ṣe sójà rí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó tì í kí wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ lọ tí wọn kò bá a bọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ère tàbí òkúta ìrántí bá wà ní ìlú yín, ẹ kó àwọn ọmọ lọ wò ó, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bíríkì ha á tàbí kó fi yanrìn fọ̀ ọ́, nítorí yóò ha ojú idẹ dànù. Aṣọ rírọ̀ àti omi ló yẹ ẹ́, iṣẹ́ tó bá ju ìyẹn lọ, kí ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe é.

Òwe inú àyọkà yìí

Ikú yá ju ẹ̀sín: Ó sàn kí ènìyàn kú ju kó gba ìtìjú lọ.

Igi kan kì í dá igbó ṣe: Ẹnìkan ṣoṣo kò lè dá iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: Sùúrù ló ń mú iṣẹ́ yọrí sí rere.

Bó pẹ́, bó yá, akólòlò yóò pe baba: Ohun tó ṣòro yóò ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan, bí a kò bá dẹ́kun.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: Ohun tó bàjẹ́ lè dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn àtúnṣe.

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò: Ọmọ ló ń gba ipò òbí, òun ni yóò sì bá a tẹ̀síwájú.

Ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́

1. Kí ló dé tí àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ 54 fi kọ owó tí ìjọba fẹ́ san fún wọn?
2. Kí ni wọ́n fi kún ìrántí náà ní ọdún 1982, kí sì ni ìdí rẹ̀?
3. Dárúkọ ohun mẹ́ta tó ń ba ère idẹ jẹ́.
4. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín títún ère ṣe àti yíyà á sọ́tọ̀ lákọ̀tun?
5. Bèèrè lọ́wọ́ àgbà kan ní àdúgbò rẹ nípa ẹnìkan tó lọ sógun tí kò padà wá. Kọ orúkọ rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ sínú ìwé rẹ.